Nọ́ńbà Ẹ̀yà Ara Ẹ̀rọ Táípù

Nínú gbogbo iṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀rọ táípù oníná àtijọ́, èyí tí mo fẹ́ràn jù, tí n kò sì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni yìn ín rí, ni wíwá nọ́ńbà tí àwọn tí ó rọ ẹ̀rọ náà fún ẹ̀yà ara rẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ wo Selectric, aborí-roboto, àkàndá ẹ̀rọ tí iléeṣẹ́ IBM gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1961, tí kò ní ọ̀pá lẹ́tà tí ń fò lu tákàdá bí ti àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀: àmì 88 ni ó wà lára orí rẹ̀, ìpele 4 ni wọ́n tò wọ́n sí, 22 ní ìpele kọ̀ọ̀kan, tẹ́ẹ́rẹ́ irin méjì ni ó sì ń darí rẹ̀, ọ̀kan ń tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn, èkejì ń yí i po. Ojú lásán kò tó ra nǹkan sí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lára. Irin eléyín tí orí yìí ń bá rìn wà fún ẹ̀rọ tí ń tẹ lẹ́tà 10 sínú íǹṣì kan, òmíràn sì wà fún èyí tí ń tẹ 12. Ẹni tí kò bá fara balẹ̀ ka eyín wọn yóò pe Táyé ní Kẹ́hìndé.

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. N ó kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ìran 1961 ni ẹ̀rọ náà, tàbí ti 1971, tàbí ìran kẹta ti 1980 tí orí tirẹ̀ ní àmì 96, tí kò sì ṣeé fi sára àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà náà ni n ó ṣí ìwé ẹ̀yà ara ẹ̀rọ, níbi tí ayàwòrán ti tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ lórí tákàdá, tí irin kọ̀ọ̀kan dúró níwájú ihò tí ó ti jáde; nọ́ńbà kékeré inú àwòrán yóò tọ́ka sí ìlà kan, ìlà yẹn ni yóò sì fún mi ní nọ́ńbà gidi, òǹkà 7 tí a tò tẹ̀léra. (Kí àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ra o: nọ́ńbà tí ó hàn lára ọ̀rá líle lè jẹ́ ti mọ́ọ̀dù tí a fi dà á.)

Níbi họ́ọ̀bù púlì tí bẹ́líìtì mọ́tò ń yí ni mo ti ń rí iyì nọ́ńbà jù. Ogbó a máa là á. Mọ́tò á máa kùn, agbára rẹ̀ kò sì ní dé ara àwọn irin yòókù. Láti 1991 tí IBM ti fi iṣẹ́ táípù lé iléeṣẹ́ Lexmark lọ́wọ́, ọjọ́ ti pẹ́, inú àpótí àwọn àgbà oníṣẹ́ ni a ti ń wá irú rẹ̀ kiri, nọ́ńbà nìkan ni èmi àti ẹni tí kò rí mi rí sì lè fi gbọ́ ara wa yé láìsí àríyànjiyàn.

Ẹni tí ó bá fi sùúrù pa èèrà yóò rí ìfun rẹ̀, àwọn akọ̀wé tí ó kọ ìwé wọ̀nyí sì ní sùúrù náà. Wọn kò fojú di sípíríìǹgì tí kò gùn ju èékánná lọ. Wọ́n fún un ní àwòrán tirẹ̀, ìlà tirẹ̀ àti nọ́ńbà tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe fún mọ́tò.