Ìlà tí Kò Ṣeé Pa Rẹ́: Lámèyítọ́ Àwòrán Gègé àti Tàdáwà ní Ojú Ìwòye Yorùbá

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tó ń lànà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́. Òwe yìí ṣe àlàyé iṣẹ́ lámèyítọ́ dáadáa. Kì í ṣe pé ẹni tó wà lẹ́yìn gbọ́n ju ẹni tó wà níwájú lọ. Ibi tó dúró sí ló jẹ́ kó rí ohun tí ẹnì kejì kò lè rí. Ọ̀rọ̀ yìí le jù lọ nínú àwòrán gègé àti tàdáwà, nítorí pé ìlà tí tàdáwà bá ti fà sórí ìwé kò ṣeé pa rẹ́ bíi ti pẹ́ńsùlù. Bó bá ti wọ́, ó ti wọ́ nìyẹn. Kí wá ni ìwúlò ìmọ̀ràn lórí iṣẹ́ tí kò ṣeé tún ṣe mọ́? Ìdáhùn tí àyẹ̀wò yìí mú wá ni pé àwòrán tó kàn ni irú lámèyítọ́ bẹ́ẹ̀ wà fún. Èdè Yorùbá sì ní ọ̀rọ̀ tó tó fi ṣe é, níwọ̀n ìgbà tí wọn kò bá kàn kó àwọn ọ̀rọ̀ náà láti ara igi sórí ìwé láìyẹ̀ wọ́n wò.

Robert Farris Thompson ló kó púpọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí jọ nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ tó jáde ní 1973 lórí lámèyítọ́ ọnà láàrin àwọn Yorùbá. Lára wọn ni jíjọra, ìfarahàn, dídán, gígún àti dídọ́gba. Lẹ́nu àwọn tó ń wo ère tí wọ́n sì ń dá a lẹ́jọ́ ló ti gbọ́ wọn. Èyí fi hàn pé lámèyítọ́ ọnà kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ Yorùbá. Ṣùgbọ́n ère igi ni wọ́n ń wò. Igi ṣeé fi ọwọ́ pa lára, ó ṣeé yí ká, iná àti òjìji sì máa ń ṣeré lójú rẹ̀. Ìwé kò rí bẹ́ẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan yóò mú ọ̀rọ̀ náà yéni. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá jókòó sí ọjà Ládìpọ̀, ní agbègbè Mushin, tó fi gègé ya ìsọ̀ kan tí wọ́n ti ń ta páàtì mọ́tò, iṣẹ́ ńlá ló dáwọ́ lé. Ẹ́ńjìnnì wà nílẹ̀, sàléńsà fara ti ògiri, iná iwájú mọ́tò rọ̀ sókè, ọlọ́jà sì jókòó láàrin gbogbo rẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ náà bá fa ìlà wínníwínní dí gbogbo ojú ìwé bákan náà, ohun méjì ni yóò sábà gbọ́. Ọ̀kan ni pé ó dára. Èkejì ni pé kò dára. Ẹni tó gbọ́ èkínní yóò tún àṣìṣe náà ṣe lọ́la, ẹni tó gbọ́ èkejì lè má fọwọ́ kan gègé mọ́. Kò sí èyí tó kọ́ni ní nǹkan kan.

Bí lámèyítọ́ bá sọ ọ̀rọ̀ di ìbéèrè, ọ̀nà yóò là. Ìbéèrè jíjọra: ṣé ìsọ̀ náà jọ ìsọ̀? Ó jọ ọ́, nítorí pé nọ́ọ̀tì ara ẹ́ńjìnnì pàápàá ṣeé kà. Èyí yẹ kó gba oríyìn. Ìbéèrè ìfarahàn: ta ló hàn? Ọlọ́jà kò hàn, àwọn ìlà tó yí i ká ti gbé e mì. Ìbéèrè dídán: kí ló ń dán? Lára igi, ojú tí agbẹ́gilére ti dán ló ń tàn. Nínú àwòrán tàdáwà, ìwé funfun tí gègé kò kàn ni dídán. Bí gègé bá ti dé ibi gbogbo, irin kò lè dán mọ́. Nítorí náà ìmọ̀ràn tó wúlò ni pé, nínú àwòrán tó kàn, kí akẹ́kọ̀ọ́ pinnu ibi tí yóò fi sílẹ̀ ní funfun kó tó ti gègé bọ tàdáwà: etí iná mọ́tò, iwájú orí ọlọ́jà. Kó sì jẹ́ kí ìlà ẹ̀yìn fúyẹ́ ju ti iwájú lọ.

Síbẹ̀, fífi àyè funfun sílẹ̀ kì í ṣe òfin. Uche Okeke lo ìlà díẹ̀ lórí ìwé funfun nínú àwọn àwòrán gègé àti tàdáwà tó pè ní Oja, tó yà ní 1962. Bruce Onobrakpeya ní tirẹ̀ fẹ́ràn láti fi ọnà kún ojú iṣẹ́. Papa Ajao ní Mushin, tí kò jìnnà sí Ládìpọ̀, ni ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà. Òun ló ya àwòrán inú ìtumọ̀ tí Wọlé Ṣóyínká ṣe sí Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti D. O. Fágúnwà, tó jáde ní 1968. Igbó tó kún fún irúnmalẹ̀ bá ọwọ́ tó ń kún ojú iṣẹ́ mu. Ẹni tó bá fi òṣùwọ̀n Okeke wọn Onobrakpeya yóò ṣi àwọn méjèèjì lóye. Ohun tí àwòrán fẹ́ ṣe ni kí lámèyítọ́ kọ́kọ́ wádìí, kó tó béèrè bóyá ó ṣe é.

Ọ̀rọ̀ ìwà ló kù. Rowland Abíọ́dún, nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 2014, so ọnà Yorùbá mọ́ ìwà àti ìfarabalẹ̀. Ìfarabalẹ̀ yìí tọ́ sí ẹni tó ń wo iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bó ti tọ́ sí ẹni tó ṣe é. Láàrin àgbà àti ọmọdé, ọ̀rọ̀ àgbà máa ń wúwo. Gbólóhùn kan lè pa ọwọ́ lára. Ẹgbẹ́ tí Okeke, Onobrakpeya àti Yusuf Grillo wà nínú rẹ̀ ní Zaria ní 1958 fi ọ̀nà mìíràn hàn: akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n, ẹgbẹ́ ara wọn ni wọ́n sì ń bá jíròrò lórí ọnà. Grillo padà darí ẹ̀ka ọnà ní Yaba College of Technology fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìlà ni kí lámèyítọ́ bá wí, kì í ṣe ẹni tó fà á. Kó tọ́ka sí ibi tó wọ́, kó sọ ìdí rẹ̀. Ìlà àná kò ní tọ́ mọ́, ṣùgbọ́n ìwé mìíràn wà lórí tábìlì, tàdáwà sì wà nínú ìgò.