Wúnrẹ̀n 'Ìbá' Nínú Òwò Kábọ́ọ̀nù Inú Igbó

Bí a bá sọ pé 'Ọpẹ́lọpẹ́ ọdẹ, ẹkùn ìbá ti pa ewúrẹ́ náà jẹ', ojú lè rí ewúrẹ́ tí ó yè; kò sí ojú tí ó lè rí ohun tí ìbá ti ṣẹlẹ̀. Orí irú gbólóhùn yìí ni òwò kábọ́ọ̀nù inú igbó dúró lé. Ilé-iṣẹ́ tí ń tú èéfín jáde a máa sanwó fún àwọn tí ń dáàbò bo igbó níbòmíràn. Ìwé-ẹ̀rí kọ̀ọ̀kan tí ó rà dúró fún tọ́ọ̀nù kan èéfín tí ìbá ti jáde bí wọ́n bá gé igi náà. Èéfín ti ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ kò ní 'ìbá' kankan nínú.

Iṣẹ́ tí Thales West àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde nínú jọ́nà Science ní oṣù kẹjọ ọdún 2023 béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ 'ìbá' yìí. Ibùdó 26 ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà ni wọ́n yẹ̀ wò. Peru, Cambodia àti Tanzania wà lára wọn. Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni ó níye lórí jù. Àṣà òwò náà ni pé kí olówò fi bí wọ́n ṣe gégi láàrin ọdún tí ó ti kọjá sọ iye tí wọn ìbá gé lẹ́yìn ọ̀la. Ẹni tí ń ta ẹran náà ni ó ń wọ̀n ọ́n. West àti àwọn tirẹ̀ wá àwọn igbó tí kò sí lábẹ́ irú ètò bẹ́ẹ̀, tí ìtàn ìgégi wọn sì jọ ti ibùdó kọ̀ọ̀kan kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fún ìkọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tirẹ̀, wọ́n pa wọ́n pọ̀, wọ́n sì wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn náà. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ náà kò dín ìgégi kù lọ́nà tí ó hàn. Àwọn tí ó dín in kù kò sì dé iye tí wọ́n kéde. Nínú ìwé-ẹ̀rí mílíọ̀nù 89 tí a retí láti ara iṣẹ́ 18, mílíọ̀nù 5.4 péré, ìdá 6 nínú 100, ni ó ní ìdínkù gidi lẹ́yìn.

Verra, àjọ tí ń fi òǹtẹ̀ lu ọ̀pọ̀ irú ìwé-ẹ̀rí bẹ́ẹ̀, jiyàn pé àwọn igbó àfiwé náà kò bá ibùdó wọ̀nyí mu tó. Àtakò náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, nítorí igbó méjì kì í jọra tán. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ àfiwé kan, àfiwé tí ó sàn jù ni ó yẹ kí ó mú wá, kì í ṣe àsọtẹ́lẹ̀ olówò. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, Verra fúnra rẹ̀ gbé ìlànà tuntun jáde tí ó gba ìṣirò náà lọ́wọ́ olówò, tí ó sì gbé e ka àkọsílẹ̀ ìgégi gbogbo agbègbè.

Olùkọ́ èdè tí ó bá túmọ̀ ohun tí wọ́n ń tà yìí sí 'èéfín tí a dín kù' ti ju 'ìbá' nù. 'Èéfín tí ìbá ti jáde' gùn díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ó fi àyè sílẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ láti béèrè pé: ta ni ó sọ bẹ́ẹ̀?