Ìtò Ogun Bìní Lára Idẹ

Nígbà tí Olfert Dapper, òǹkọ̀wé ará Họ́láńdì, tẹ ìwé rẹ̀ lórí ilẹ̀ Áfíríkà jáde ní 1668, ó ní idẹ ni wọ́n fi bo àwọn òpó ààfin Ọba Bìní, wọ́n sì ya àwòrán ogun sí i lára. Dapper kò dé Bìní rí. Ẹnu àwọn tó débẹ̀ ló ti gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n òótọ́ ló gbọ́. Iṣẹ́ àwọn arọ́dẹ ẹgbẹ́ Ìgún ní Bìní ni àwọn pátákó idẹ náà, láti sẹ́ńtúrì 16 àti 17, ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn ló sì kù láyé títí dòní.

Wo èyí tí ọmọ ogun pọ̀ lára rẹ̀. Balógun ló wà láàárín, ó kọjú sí wa gbọnrangandan, ó sì ga ju gbogbo wọn lọ. Eyín ẹkùn yí i lọ́rùn ká, agogo onígun mẹ́rin rọ̀ láyà rẹ̀, ọ̀kọ̀ wà lọ́wọ́ kan, asà lọ́wọ́ kejì. Àwọn jagunjagun tí ipò wọn rẹlẹ̀ díẹ̀ wà lọ́tùn-ún lósì. Létí pátákó ni àwọn kéékèèké wà: ẹni tó gbé idà dání, ẹni tó ń fọn ìwo. Ipò ni arọ́dẹ fi ń wọn ènìyàn, kì í ṣe ìdúró.

Ẹni tó ń fọn ìwo yìí ló wù mí jù. Igbó kìjikìji ló yí Bìní ká, ọ̀nà inú rẹ̀ sì tóóró. Níbi tí ojú kò ti ríran jìnnà, mo gbà pé etí ló ń kó ọmọ ogun jọ.

Àwọn Gíríìkì àtijọ́ ń jà ní gbangba pẹ̀tẹ́lẹ̀ ní tiwọn. Wọn a tò ní ìlà gígùn, asà ẹnì kan a bo ẹni tó wà lósì rẹ̀. Thucydides, òpìtàn wọn, kọ ọ́ nípa ogun Mantinea, ọdún 418 ṣáájú ìbí Jésù, pé oníkálukú máa ń rọ́ sọ́tùn-ún láti sá sábẹ́ asà ẹnìkejì (ta ni kò ní ṣe bẹ́ẹ̀?), àti pé ìró fèrè ni àwọn ará Sparta fi ń rìn kí ìlà wọn má bàa já. Fèrè tiwọn ń mú ẹsẹ̀ dọ́gba. Ìwo Bìní, lójú tèmi, ń pe àwọn tí igbó ti pín níyà.

Lára pátákó mìíràn, balógun Bìní ń fa ọ̀tá bọ́ láti orí ẹṣin. Ìlà wà lójú ọ̀tá náà, àlejò ni. Ẹni bá mọ bí ẹṣin ṣe ń jìyà nínú igbó yóò mọ ìdí tí Bìní fi gbára lé ẹlẹ́sẹ̀, tí Iyase àti Ezomo, àwọn olóyè ogun Bìní, sì fi wọ́n já àwọn ìlú gbà. Apá Àkúrẹ́ àti Èkìtì kò ṣàìmọ̀ wọ́n.

Nílé, yàrà àti odi ìlú ni aláàbò wọn. Awalẹ̀pìtàn Graham Connah wọn odi ti inú láàárín 1961 sí 1964: láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí òkìtì rẹ̀ tó mítà 17.

Ní February 1897, Harry Rawson, ọ̀gágun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó nǹkan bí 1,200 ọmọ ogun wá bá Bìní jà pẹ̀lú ìbọn Maxim. Ọjọ́ mélòó kan ni àwọn Bìní fi ń yìnbọn láti inú igbó kí ìlú tó ṣubú ní ọjọ́ 18. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì kó àwọn pátákó idẹ lọ.

Díẹ̀ nínú wọn wà ní Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Bìní, ní Ring Road. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tó ń fọn ìwo kí ẹ tó wo balógun.