Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Àyẹ̀wò Ìpéǹpéjú àti Irun Ojú Lára Orí tí a Fi Kọ̀ǹpútà Mọ

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Òwe yìí ni a ó fi ṣe òṣùwọ̀n nínú àpilẹ̀kọ yìí, láti yẹ orí ènìyàn tí àwọn oníṣẹ́-ọnà òde òní ń fi kọ̀ǹpútà mọ fún sinimá wò. Ìpéǹpéjú àti irun ojú nìkan ni a gùn lé. Èrò wa ni pé ibi méjèèjì yìí ni irú orí bẹ́ẹ̀ ti ń yege tàbí kí ó kùnà, àti pé àléébù tó burú jù ni kí a mọ wọ́n bí ẹni pé ọ̀kan kò kan èkejì.

Ìpéǹpéjú

Ẹyinjú rí roboto, iwájú rẹ̀ sì yọ síta díẹ̀. Orí rẹ̀ ni ìpéǹpéjú ń gbà kọjá. Bí oníṣẹ́-ọnà bá mọ ojú tó là àti ojú tó dì, tí ó sì ní kí kọ̀ǹpútà fi ìlà gbọọrọ so méjèèjì pọ̀, inú ẹyinjú ni ìpéǹpéjú yóò gbà kọjá. Ó pọn dandan kí ó mọ ojú tó dì dé ìdajì pẹ̀lú, kí awọ lè tẹ̀ lé ẹyinjú bí ó ti tẹ̀. Bákan náà, etí ìpéǹpéjú nípọn, omi ojú sì máa ń dán ní etí ti ìsàlẹ̀. Orí tí kò ní nǹkan wọ̀nyí kò yàtọ̀ sí ìbòjú tí a dá ihò sí.

Ẹ jẹ́ kí a wo sinimá The Polar Express (2004), tí Robert Zemeckis darí. Wọ́n lẹ àmì mọ́ ojú àwọn òṣèré kí kọ̀ǹpútà lè ka ìṣesí wọn, ṣùgbọ́n a kò lè lẹ àmì mọ́ ẹyinjú. Ọ̀pọ̀ lámèyítọ́ ló sọ pé ojú àwọn ẹ̀dá-ìtàn náà dà bí ojú òkú. Masahiro Mori ará Japan ti ṣàlàyé irú èyí ní 1970: bí ère bá ṣe ń jọ ènìyàn sí i ni yóò máa wù wá sí i, títí yóò fi dé ibi tí ìyàtọ̀ díẹ̀ tó kù yóò máa bà wá lẹ́rù.

Irun Ojú

Ní 1978, Paul Ekman àti Wallace Friesen fún ìṣesí ojú ènìyàn ní nọ́ńbà. Nọ́ńbà 1 ń gbé igun inú irun ojú sókè. Nọ́ńbà 2 ń gbé igun òde. Nọ́ńbà 4 ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó sì ń fà á súnmọ́ra. Irú ìlànà yìí ni Digital Domain lò fún The Curious Case of Benjamin Button (2008): ojú Brad Pitt fúnra rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ wọ̀n bí ó ti ń ṣe ìṣesí kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ náà gba ẹ̀bùn Oscar ní 2009, ó sì tọ́ sí i.

Síbẹ̀, nọ́ńbà kì í ṣe ìtumọ̀. Ẹni tó lejú rẹ irun ojú sílẹ̀. Ẹni tó fajúro lè rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú. Ìpéǹpéjú ló ń yà wọ́n: ti ẹni tó lejú le koránkorán, ti ẹni tó fajúro wálẹ̀ wọ̀ọ̀. Bí ohùn ṣe ń ya igbá sọ́tọ̀ kúrò lára ìgbà ni ìpéǹpéjú ń ya ìṣesí kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Ẹni tó bá mọ irun ojú láìro ti ìpéǹpéjú kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láìfi àmì ohùn sí i.

Jíjọra

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun nílẹ̀ wa. Lára ọ̀pọ̀ orí idẹ tí wọ́n hú ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1938, ìpéǹpéjú òkè gun orí ti ìsàlẹ̀ ní igun òde ojú. Ẹni tó ṣe é mọ̀ pé awọ tó nípọn ni ìpéǹpéjú, kì í ṣe ìlà lásán. Nínú ìwádìí tí Robert Farris Thompson tẹ̀ jáde ní 1973 lórí bí Yorùbá ṣe ń ṣe lámèyítọ́ ère, jíjọra wà lára ohun tí wọ́n ń wò: kí ère jọ ènìyàn, kí ó má sì jọ ọ́ jù. Àwọn tó mọ orí inú The Polar Express ìbá jàǹfààní nínú ìmọ̀ yìí.

Ìkádìí

Epic Games gbé MetaHuman jáde ní 2021, ẹnikẹ́ni tó ní kọ̀ǹpútà tó lágbára sì lè fi mọ orí láàárín àkókò kúkúrú. Kò ní pẹ́ kí irú orí bẹ́ẹ̀ máa fọ Yorùbá káàkiri. Bí ọmọdé inú sinimá bá ń kí àgbà, tí ó ranjú kalẹ̀, tí ìpéǹpéjú rẹ̀ kò bá ojú wálẹ̀, àrífín ni òǹwòran Yorùbá yóò kà á sí, bí ohùn rẹ̀ ti wù kó dùn tó. Àwa olùkọ́ èdè ni iṣẹ́ yìí kàn. Lejú, fajúro, ranjú, ṣẹ́jú, mọ́ni lójú: inú ìwé atúmọ̀-èdè ni a fi wọ́n sí, a kò sì tíì ṣàpèjúwe ohun tí ìpéǹpéjú àti irun ojú ń ṣe nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí a kò bá ṣe é, ojú àjèjì ni ẹnu Yorùbá yóò máa wà lábẹ́ rẹ̀.