Ọ̀rẹ́, Ìdáwà àti Àlá Tí Kò Ṣẹ nínú Of Mice and Men ti John Steinbeck

Of Mice and Men, ìtàn àròsọ kúkúrú tí John Steinbeck tẹ̀ jáde ní ọdún 1937, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìwé tí ojú-ewé wọn kò pọ̀ ṣùgbọ́n tí àríyànjiyàn lórí wọn kì í tán. Láti ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Àìkú ni gbogbo ìṣẹ̀lẹ̀ inú rẹ̀ wáyé. Alágbàṣe méjì, George Milton àti Lennie Small, dé sí oko ńlá kan nítòsí ìlú Soledad ní California láti ṣiṣẹ́ ìkórè ọkà báálì. Èrò àtira ilẹ̀ tiwọn ni ó wà lọ́kàn wọn. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, obìnrin kan ti kú, George sì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ọ̀rẹ́ rẹ̀. Èdè Sípéènì ni orúkọ ìlú náà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ìdáwà. Steinbeck kọ́ ni ó hùmọ̀ rẹ̀. Ìlú náà wà ní tòótọ́, kò sì jìnnà sí Salinas níbi tí wọ́n ti bí òǹkọ̀wé náà ní 1902. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò ka ìwé náà tán tí yóò sọ pé orúkọ náà kò ro ibẹ̀.

Iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn yìí ń ṣe yàtọ̀ pátápátá sí àárò tàbí ọ̀wẹ̀. Ẹni tí ó bá wọ àárò mọ̀ pé oko tirẹ̀ ni yóò kàn lọ́la. Alágbàṣe inú ìwé Steinbeck kò ní oko tí yóò kàn láé. Ọ́fíìsì kan ní San Francisco ni ó fún George àti Lennie ní ìwé iṣẹ́, àádọ́ta dọ́là ni owó oṣù, oúnjẹ àti ibùsùn sì wà nínú rẹ̀. Bí oṣù bá parí, ọtí àti ilé aṣẹ́wó ìlú a gba owó náà lọ́wọ́ wọn, wọn a sì tún bọ́ sọ́nà. Nínú irú ayé bẹ́ẹ̀, kí ọkùnrin méjì jọ máa rìn pọ̀ di ohun ìfura. Ọ̀gá oko náà béèrè bóyá ṣe ni George ń gba owó Lennie lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbéèrè yìí kúrú, ṣùgbọ́n ó tó láti fi hàn bí ọ̀rẹ́ ṣe di ohun àjèjì níbẹ̀.

Lórí ọ̀rẹ́ yìí gan-an ni àwọn tí ń yin ìwé náà sábà máa ń yára jù. Ìfẹ́ wà láàrin àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n wọn kò dọ́gba. George fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ fún Slim pé nígbà kan rí, òun pàṣẹ kí Lennie bẹ́ sínú odò Sacramento kí àwọn ènìyàn lè rí i rẹ́rìn-ín, Lennie tí kò mọ odò í wẹ̀ sì bẹ́ sí i. Ó kù díẹ̀ kí ó kú, nígbà tí wọ́n sì fà á jáde tán, ọpẹ́ ni ó ń dá. Láti ọjọ́ náà ni George kò ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Agbára tí ó lè sọ pé kí ẹnìkejì kú ni ọ̀rẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀, kí ó tó di ìtọ́jú. Ẹni tí ó bá gbàgbé odò Sacramento kò ní lè ka etí odò ìparí ìwé náà dáadáa.

Àlá wọn pẹ̀lú, ẹnu ni ó ń gbé. Bí apàlọ́ àti agberin ni George àti Lennie ṣe ń pa á: ọ̀kan ń sọ ti ilé kékeré, màlúù àti ọgbà ewébẹ̀, èkejì ti mọ gbogbo rẹ̀ lórí, ó ń dá a lẹ́nu mọ́ wọn, òun ni ó sì máa ń sọ ti ehoro. Kò sí ẹni tí ó lè dá nìkan pa á. Bí George bá dá wà, káàdì ni ó ń dá ta. Nítorí náà, nígbà tí ó sọ lẹ́yìn ikú obìnrin náà pé bóyá òun ti mọ̀ tipẹ́ pé kò ní ṣẹ, kò yẹ kí ó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Etí Lennie ni àlá náà ń gbé.

Ìgbà kan ṣoṣo ni ó fẹ́ di òtítọ́, owó ni ó sì sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Candy, arúgbó tí ó pàdánù ọwọ́ rẹ̀ kan ní oko náà, gba 250 dọ́là owó ìtánràn, ó sì ní àádọ́ta ní báńkì. Bí oṣù bá parí, yóò di 350. Ẹgbẹ̀ta dọ́là ni iye ilẹ̀ náà. Ibi yìí ni Steinbeck ti fi ara rẹ̀ hàn ní ọ̀gá, nítorí pé kò fi ọ̀rọ̀ owó náà síbi tí ayọ̀ wà. Kò tíì pẹ́ tí Carlson mú ajá arúgbó Candy jáde tí ó sì yìnbọn pa á nítorí pé kò wúlò mọ́. Ohun tí Candy ń rà ni ibi tí wọn kò ti ní lè lé e jáde ní ọjọ́ tí òun náà bá di aláìwúlò. Èyí ni ó mú kí ó tẹ̀ lé àlá àwọn àjèjì láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀.

Crooks, ọkùnrin dúdú tí ń tọ́jú ẹṣin, ni ó mọ ìdáwà ju gbogbo wọn lọ. Wọn kò jẹ́ kí ó wọ ilé tí àwọn yòókù ń sùn sí. Ó ní ìwé òfin California ti 1905 nínú yàrá rẹ̀, òfin náà kò sì gbà á sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ó nílò rẹ̀. Fún ìwọ̀n ìgbà díẹ̀, òun náà bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gba òun sí ilẹ̀ náà, òun yóò ṣiṣẹ́ láìgba owó. Aya Curley dé, ó fi yé e pé ọ̀rọ̀ kan láti ẹnu òun tó láti mú kí wọ́n so ó rọ̀ sórí igi, Crooks sì kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Ẹni tí òun náà ń sunkún ìdáwà ni ó fọ́ àlá ẹlòmíràn. Kò sí ibi tí ó korò tó bẹ́ẹ̀ nínú ìwé náà.

Níbi ti obìnrin yìí gan-an ni ó ti yẹ kí a dá Steinbeck lẹ́jọ́. Kò fún un lórúkọ. Ajá pàápàá sàn jù ú lọ níbẹ̀. A gbọ́ pé ó ti lálàá sinimá, pé ó ń retí lẹ́tà tí kò dé, pé ó fẹ́ Curley nítorí àtibọ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ó kú tán ni òǹkọ̀wé tó wo ojú rẹ̀ pẹ̀lú àánú. Ní 1938, Steinbeck kọ lẹ́tà sí Claire Luce, òṣèré tí ó kó ipa náà lórí ìtàgé ní New York, láti ṣàlàyé irú ìgbésí ayé tí obìnrin náà ti gbé. Bí ìwé náà bá ti sọ ọ́ tó, lẹ́tà kì bá tí pọn dandan. Àìsí mìíràn tún wà: oko California ìgbà náà kún fún àwọn ará Mẹ́síkò àti Filipínì, òǹkàwé kò sì rí ọ̀kan nínú wọn níbẹ̀.

Something That Happened ni Steinbeck kọ́kọ́ pe ìwé náà, kí ó tó mú orúkọ tuntun láti inú ewì tí Robert Burns kọ ní 1785 lórí eku tí ọkọ́ ìtúlẹ̀ tú ilé rẹ̀ ká. Orúkọ àkọ́kọ́ fẹ́ sọ pé nǹkan ṣẹlẹ̀, kò sí ẹni tí a ó bá wí. Ṣùgbọ́n ìwé náà gbọ́n ju orúkọ náà lọ. George kò béèrè lọ́wọ́ Lennie. Ó ní kí ó wo òdìkejì odò, ó pa àlọ́ náà fún un, ó sì yìnbọn. Àánú ni, nítorí pé Curley ń bọ̀ láti yìnbọn sí i níkùn. Àṣẹ tí ó rán an sínú odò Sacramento náà ni pẹ̀lú. Nígbà tí àwọn yòókù dé, irọ́ ni ó fi dá wọn lóhùn, pé ọwọ́ Lennie ni òun ti gba ìbọn. Ìbọn Carlson ni, èyí tí ó pa ajá. Slim mú George lọ mu ọtí. Carlson dúró lẹ́yìn pẹ̀lú Curley, ó ń béèrè ohun tí ó ń dun àwọn méjèèjì.