Ẹnu Àgbà Ló Ń Júwe Ojú Oórì

Ẹni tó bá ń wá ojú oórì àwọn baba ńlá rẹ̀ ní Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó, kó kọ́kọ́ lo ẹnu kó tó fa àdá yọ. Láyé àtijọ́, inú ilé la ń sin àgbà sí: nínú yàrá, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí lẹ́yìnkùlé. Ìgbà tí ẹ̀sìn ìgbàgbọ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì tó wọ́pọ̀. Ní 1877 ni Charles Phillips, míṣọ́nnárì tó padà di bíṣọ́ọ̀bù, dé Oǹdó. Ẹ̀sìn ló ń tọ́ka sí ibi tí wọ́n sin òkú sí, ìdí nìyí tí mo fi máa ń bi ìdílé pé, "Ẹ̀sìn wo ni bàbá ń ṣe kí wọ́n tó kú?"

Ti àwọn ìyá ló le jù, òun náà ló sì dùn mọ́ mi jù. Ọ̀pọ̀ wọn darúgbó sílé ọkọ, àmọ́ ilé bàbá wọn ni wọ́n gbé òkú wọn lọ. N ó ní kí àgbà kan kì wọ́n fún mi. Oríkì náà ni yóò júwe agboolé tí wọ́n ti wá. Àgbà náà ló ń bá mi ṣírò ọdún tí wọ́n kú. Bó bá ní, "Ọdún tí ilẹ̀ ṣú lọ́sàn-án gangan ni," mo ti mọ̀ pé oṣù karùn-ún 1947 ni, nígbà tí òṣùpá bo oòrùn.

Ẹ̀ẹ̀rùn la máa ń wọ àwọn abà kòkó tó wà lọ́nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó, ní agbègbè Owénà àti Bọ́lọ́rundúró. Bí mo bá rí pèrègún láàárín kòkó, mo mọ̀ pé ẹnì kan ló gbìn ín, bóyá láti fi sàmì ojú oórì. Lórí sìmẹ́ńtì àtijọ́, ìṣó ni wọ́n fi kọ orúkọ kó tó gbẹ, "N" mìíràn á tilẹ̀ kọ ẹ̀yìn síwájú. Àárọ̀ ni mo ń kà á, tí oòrùn ṣì ń ta wá láti ẹ̀gbẹ́, tí òjìji á fi bọ́ sínú lẹ́tà. Omi àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ti tó. Ọ̀bẹ á ha orúkọ dànù.

Láti 1976 tí Àkúrẹ́ ti di olú-ìlú ìpínlẹ̀, ilé ti gba ọ̀pọ̀ oko. Kí ìdílé tó gba owó ilẹ̀, kí wọ́n mú àgbà tó mọ ibẹ̀ lọ, kó na ìka sí ojú oórì kọ̀ọ̀kan, kí ọmọ kan fi fóònù yà á, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn.