Ògbufọ̀ Kì í Ṣe Onílé: Àyẹ̀wò Proton lórí Linux

Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni Proton, tí ilé-iṣẹ́ Valve gbé jáde ní ọdún 2018, ń ṣe: ohun tí eré orí kọ̀ǹpútà bá béèrè ní èdè Windows ni ó ń túmọ̀ sí èyí tí Linux gbọ́. Àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ pe èyí ní òmìnira. Òótọ́ ni, dé ìwọ̀n kan. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2024, àwọn tí ó ni Apex Legends ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tí ń lo Linux. Wọ́n ní ibẹ̀ ni àwọn arẹ́nijẹ ń gbà wọlé. Kì í ṣe pé ògbufọ̀ ṣi ọ̀rọ̀ túmọ̀; onílé ni ó kọ àlejò. Níwọ̀n ìgbà tí kọ́kọ́rọ́ ilé bá ṣì wà lọ́wọ́ onílé, àyálò ni òmìnira náà.